ÌRÀNLỌ́WỌ́ TÍ A FI ÈLÉ SÍ KÌ Í ṢE ÌRÀNLỌ́WỌ́

  

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dùn wá lọ́kàn láti ìgbà àrùn kòrónà, tí púpọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ kò sì sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti owó àti oúnjẹ tí ìjọba ní òun fi ran àwọn àgbẹ̀ àti àwọn aláìní lọ́wọ́ ní ọdún 2020. Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ àná ni, pé kí a jẹ́ kí ó lọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan wà tí gbèsè ìgbà náà ṣì wà ní ọrùn wọn. Bí ìpọ́njú mìíràn bá sì dé lọ́la, yálà àrùn ni, yálà ọ̀dá ni, yálà omíyalé ni, ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ nígbà náà ni wọn yóò tún tọ̀ bí a kò bá sọ̀rọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí a sì fi òṣùwọ̀n ẹ̀sìn wa wọ̀n ọ́n.

BÍ ÌPỌ́NJÚ NÁÀ ṢE BÁ ÀGBẸ̀

Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn náà ti wọ Nàìjíríà. Kí oṣù kẹta tó parí, ní alẹ́ ọjọ́ 30, òfin kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ní Àbújá. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe òfin tiwọn, wọ́n ti ẹnu ibodè, wọ́n dín ọjọ́ ọjà kù. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, wọn kò sì ká òfin náà kúrò títí oṣù keje fi wọlé.

Lóòótọ́ ni wọ́n kéde pé òfin náà kò kan ọkọ̀ tí ó bá kó oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà wa mọ̀ pé ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ní Àbújá àti ohun tí ẹni tí ó gbé igi dábùú ọ̀nà ń ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Àkókò yìí gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, tí àgbẹ̀ ń wá irúgbìn, tí ó ń wá ajílẹ̀, tí ó ń wá ẹni tí yóò bá a kọ ebè. Àkókò yìí náà ni ẹni tí ó ti gbin ata àti tòmátì sí àkùrọ̀ ń wá ẹni tí yóò rà á. Tòmátì kò mọ òfin. Bí ó bá pọ́n tí ọkọ̀ kò dé, yóò rà ni. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí ó ń wo ọ̀nà Èkó kí àwọn alájàpá dé, bí wọn kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ta ni yóò tà fún? Owó tí ì bá fi ra irúgbìn ni yóò fi jẹun, bí èyí bá sì ti tán, ọdún tí ó ń bọ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó dé.

Ẹni tí ó wà nínú irú ipò yìí, kí ni ó ń fẹ́? Ẹni tí yóò fún un ní nǹkan ni ó ń fẹ́, kì í ṣe ẹni tí yóò yá a ní owó kí ó sì máa ka èlé lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí i.

ỌWỌ́ TÍ WỌ́N FI Ń FÚN NI

Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ọ̀fẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ní òun yóò fún àwọn tí ó tálákà jùlọ ní 20,000 náírà, èyí tí í ṣe 5,000 náírà fún oṣù kan, fún oṣù mẹ́rin. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tálákà ni yóò gbà á. Ìdílé mílíọ̀nù 2.6 ni ó wà nínú ìwé náà nígbà náà. Ní oṣù kẹrin, Ààrẹ ní kí wọ́n fi mílíọ̀nù kan kún un. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù ni a ń sọ yìí. Mélòó ni àgbẹ̀ abúlé nínú ìwé náà? Ta ni ó kọ orúkọ wọn? Ní oṣù keje ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé orílẹ̀-èdè, èyí tí Igbákejì Ààrẹ àti àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀, sọ fúnra wọn pé ìwé náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀lé, pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ kọ tirẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ará. Ìwé tí wọ́n fi pín owó àwọn aláìní nígbà ìpọ́njú ni wọ́n padà sọ pé kò ṣe é gbẹ́kẹ̀lé, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá dá owó jọ ní abẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní CACOVID, wọ́n ra ìrẹsì, gààrí, ṣúgà, iyọ̀ àti indomie, wọ́n sì kó wọn fún àwọn ìpínlẹ̀ kí wọ́n pín in. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, àwọn ará ìlú já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza ní Èkó, wọ́n bá oúnjẹ rẹpẹtẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n já ti Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n já ti Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà sì ràn ká ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn gómìnà dáhùn pé àwọn kò gbé oúnjẹ pamọ́: wọ́n ní ní ibòmíràn àwọn ń dúró kí gbogbo rẹ̀ pé, ní ibòmíràn àwọn fi díẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé àrùn náà lè padà wá.

A kò sọ pé kí ènìyàn já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ìdàrúdàpọ̀ kì í ṣe ìwà Mùsùlùmí, àwọn kan sì kú sínú ìtìjú ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi Ànábì Yúsúfù ṣe àwíjàre ni a fẹ́ dá lóhùn, nítorí a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé Ànábì Yúsúfù náà kó oúnjẹ pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kó o pamọ́. Ìgbà wo ni ó kó o pamọ́? Ní ọdún méje tí oúnjẹ pọ̀. Ìgbà wo ni ó sì ṣí i? Nígbà tí ìyàn dé. Ó bèèrè pé kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó ilé ìṣúra nítorí pé ó jẹ́ olùṣọ́ tí ó ní ìmọ̀, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe ọlá. Àwọn arákùnrin rẹ̀ wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tí ó ti jù ú sí kànga, ó sì wọn oúnjẹ fún wọn. Tiwa yàtọ̀ pátápátá. Ìgbà tí ìyàn wà lórí àwọn ènìyàn ni a ti ilẹ̀kùn, a ní a ń dúró de ìyàn mìíràn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ka ẹni tí ó bá kó oúnjẹ pamọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá a sí ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sì yọ ẹni tí ó bá fi orúkọ ìjọba ṣe é sílẹ̀.

ỌWỌ́ TÍ WỌ́N FI Ń YÁ NI

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ kejì, nítorí òun ni ó burú jùlọ lójú tiwa. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀ fún ìdílé àti oníṣòwò kékeré tí àrùn náà pa lára, ó sì dárúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ tí owó náà wà fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu púpọ̀ sí i. Ìdílé lè gbà tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, oníṣòwò sì lè gbà tó mílíọ̀nù 25. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní owó kòrónà ti dé.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Owó náà jẹ́ ẹ̀yáwó. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 lọ́dún títí di òpin oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn èyí yóò di ìdá 9. Ìdá 9 yìí kan náà ni èlé ètò ẹ̀yáwó àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Kébbí ní oṣù kọkànlá ọdún 2015.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ó yé ọmọdé àti àgbà. Bí àgbẹ̀ kan bá yá 500,000 náírà, èlé ọdún kan lórí rẹ̀, ní ìdá 5 nínú 100, jẹ́ 25,000 náírà. Bí ó bá di ìdá 9, ó di 45,000 náírà. Ẹ rántí pé 20,000 náírà ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ta ẹni tí ó tálákà jùlọ ní ọrẹ fún oṣù mẹ́rin. Nítorí náà, èlé tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní ọdún kan pọ̀ ju ohun tí ó fún aláìní kan lọ. Ọwọ́ ọ̀tún fún ni ní ogún, ọwọ́ òsì na ara rẹ̀ láti gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Irú ìrànlọ́wọ́ wo ni èyí?

Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ lórí èlé nínú Sūratul-Baqarah ní ọ̀nà tí kò fi àyè iyèméjì sílẹ̀. Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ó kéde ogun sí ẹni tí kò bá jáwọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ó pa á láṣẹ pé bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá wà nínú ìnira, kí a lọ́ra fún un títí nǹkan yóò fi rọ̀ fún un, Ó sì sọ pé bí a bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, ó dára jù fún wa. Ẹ wo bí àwọn àṣẹ wọ̀nyí ṣe tẹ̀lé ara wọn. Èlé ni ó kọ́kọ́ dè mọ́lẹ̀, ìnira ẹni tí ó jẹ gbèsè ni ó tẹ̀lé e. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 ni pé a rí ẹni tí ó wà nínú ìnira, a dá gbèsè tuntun sí i lọ́rùn, a sì fi èlé lé e.

ÀWÍJÀRE MẸ́TA TÍ WỌ́N Ń WÍ

Àwíjàre kìíní: wọ́n ní èlé náà kéré, pé ohun tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣíbí kan àti ti agolo kan, èèwọ̀ ni méjèèjì. Ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀ kò di ẹ̀tọ́ nítorí pé a bù ú kéré.

Àwíjàre kejì: àwọn kan nínú àwọn àáfà wa, Ọlọ́hun kí Ó fi gbogbo wa mọ̀nà, sọ pé ìpá ni, pé ẹni tí ebi ń pa lè jẹ òkú ẹran. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sí ibi tí kì í ṣe ipò rẹ̀. Ìpá lè jẹ́ àwíjàre fún ẹni tí ebi ń pa. Ǹjẹ́ ó lè jẹ́ àwíjàre fún ẹni tí ó ní àká, tí ó gbé òkú ẹran síwájú ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì fi ẹran tí ó tọ́ pamọ́? Báńkì Àpapọ̀ kò wà nínú ìpá. Ìjọba kò wà nínú ìpá. Àwọn ni wọ́n ṣe òfin, àwọn ni wọ́n yàn láti fi èlé sí i. Kí àáfà tí ó bá fẹ́ ṣe wáàsí lórí ìpá kọ́kọ́ kọjú sí ẹni tí ó dá ìpá náà sílẹ̀.

Ká sọ òótọ́, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde ní oṣù keje ọdún 2020 fún ẹ̀yà ètò náà tí kò ní èlé. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa ni à ń yìn, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni ó ti kọjá kí ìlànà yìí tó jáde, àkókò ìgbìn àkọ́rọ̀ sì ti lọ. Ta ni ó gbé e dé abúlé? Mọ́sáláṣí wo ni wọ́n ti kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀? Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti nọ́ńbà BVN ni wọ́n fi ń béèrè owó náà. Àgbẹ̀ tí kò ní àkáǹtì báńkì, tí iná mànàmáná kò dé abà rẹ̀, kò rí èyí tí ó ní èlé, kò sì rí èyí tí kò ní. Àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n gbà á, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé ilá.

Àwíjàre kẹta: wọ́n ní kò sí ìjọba tí ó lè máa fún àgbẹ̀ ní owó láìgbà á padà, pé àpò ìjọba yóò gbẹ. Kí ẹni tí ó bá sọ èyí wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí èlé ti jọba. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn kéde bílíọ̀nù 19 dọ́là. Bílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn yóò san tààrà fún àwọn àgbẹ̀. Kí oṣù karùn-ún tó parí, àgbẹ̀ ti ń fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní káńtì tirẹ̀, èyí tí ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Owó náà kì í ṣe ẹ̀yáwó, kò sì ní èlé. Bí àwọn tí kò ka èlé sí èèwọ̀ bá mọ̀ pé àkókò ìpọ́njú kì í ṣe àkókò èlé, kí ni yóò jẹ́ ìdáhùn tiwa ní iwájú Ọlọ́hun?

A kò sọ pé kí a fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Bí irè oko àti ẹran ọ̀sìn bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ṣírò owó náà. Nítorí náà ẹni tí ó ní púpọ̀ gba púpọ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì lè gbà tó 250,000 dọ́là, nígbà tí àgbẹ̀ kékeré ní káńtì kan náà gba ìwọ̀nba. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n ṣe òfin tí yóò san gbèsè àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí a ti fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n tipẹ́. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá a dúró ní oṣù kẹfà, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní ọdún 2022. Ibi gbogbo ni gbèsè ti ń ṣe bákan náà: ọrùn ẹni tí kò lágbára ni ó máa ń pẹ́ sí jùlọ.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, ǹjẹ́ àpò ìjọba kún nítorí pé ó fi èlé sí owó àgbẹ̀? Ètò ẹ̀yáwó àwọn àgbẹ̀ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kó owó tí ó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà jáde gẹ́gẹ́ bí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ. Owó púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò padà. Nígbà tí ọdún 2023 fi ń parí lọ, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun ń fà sẹ́yìn kúrò nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàdánù owó, wọ́n sì tún ru ẹ̀ṣẹ̀ èlé. Ẹni tí ó bá fi èèwọ̀ wá èrè, bí èrè náà kò bá wá, èèwọ̀ náà kò kúrò.

Ṣùgbọ́n a ní láti sọ ti àwọn ènìyàn tiwa náà. Àwọn Mùsùlùmí kan gba owó wọ̀nyí pẹ̀lú èrò pé àwọn kò ní san án padà, wọ́n ní ìpín àwọn nínú owó ìlú ni. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni èyí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń bèèrè bóyá òkú jẹ gbèsè kí ó tó kírun sí i lára. Ẹni tí ó bá yá owó, kí ó san ojú owó náà. Èlé ni a ń bá jà, a kò bá ìdúróṣinṣin jà.

ỌDÚN KEJÌDÍNLÓGÚN LẸ́YÌN HIJRAH

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé, ta ni ó wá ṣe é rí bí ẹ ti ń fẹ́ kí wọ́n ṣe é? A ó fi àpẹẹrẹ kan hàn án, kò sì sí èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ú lọ, nítorí pé àrùn àti ìyàn ni ó pàdé nínú ọdún kan ṣoṣo.

Ọdún náà ni ọdún 18 lẹ́yìn Hijrah, èyí tí ó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 639 nínú òǹkà àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Ní ọdún náà ni àjàkálẹ̀ àrùn Amwās jà ní ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó pa Abū Ubaydah, ọ̀kan nínú àwọn ẹni ńlá inú àwọn Sàhábà. Ní ọdún náà kan náà ni ọ̀dá mú ilẹ̀ Hijāz, tí ilẹ̀ gbẹ tí ó dà bí eérú, tí wọ́n fi ń pè é ní ọdún Ramādah. Àwọn ará oko rọ́ wọ Mẹdínà. Sayyidinā Umar ọmọ al-Khattāb ni olórí àwọn onígbàgbọ́ ní ìgbà náà. Kí ni ó ṣe?

Kò yá ẹnikẹ́ni ní owó. Ó ránṣẹ́ sí àwọn gómìnà rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọ́n di oúnjẹ ránṣẹ́, ó sì pín in lójú gbogbo ènìyàn. Kò jẹ òrí àmọ́ tàbí ẹran títí ìyàn náà fi kásẹ̀. Òróró ni ó ń jẹ títí àwọ̀ ara rẹ̀ fi yí padà. Ó dá ìjìyà gígé ọwọ́ olè dúró fún ẹni tí ebi mú kí ó jí oúnjẹ. Ohun tí ó kan àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran jùlọ ni pé kò rán agbowó Sàká sí wọn ní ọdún náà. Nígbà tí òjò padà rọ̀, ó ní kí wọ́n gba Sàká ọdún méjì, kí wọ́n pín ti ọdún kan fún àwọn aláìní ibẹ̀ gan-an, kí wọ́n sì mú ti ọdún kan wá.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí wé tiwa. Umar ní ẹ̀tọ́ láti gba Sàká, ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ fi lélẹ̀, síbẹ̀ ó dá a dúró nítorí ìnira àwọn ènìyàn. Èlé kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọn kò lè fi í sílẹ̀. Umar fi ara rẹ̀ sínú ebi tí ó ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Èwo nínú àwọn tí ó pín owó kòrónà ni ó fi ẹyọ ẹran kan sílẹ̀?

ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

A ti bá ìjọba wí. Ó kù kí a bá ara wa wí, nítorí ẹni tí ó ń tọ́ka sí ẹlòmíràn, kí ó wo ìka tí ó kọjú sí òun náà. Bí wọ́n bá gbé àpò ìrẹsì mẹ́ta wá sí mọ́sáláṣí, tí wọ́n ya fọ́tò, ṣé kì í ṣe àwa ni a ń gbé ọwọ́ àdúà sókè fún wọn? Ṣé a bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n pín? Ọkùnrin kan tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán lọ gba Sàká padà dé, ó ní èyí ni tiyín, èyí sì ni wọ́n fi ta mí ní ọrẹ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bínú, ó gun orí mínbárì, ó bèèrè bóyá ọrẹ yóò wá bá ẹni náà bí ó bá jókòó sí ilé bàbá rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí àwọn lèmọ́mù wa máa bèèrè lórí mínbárì tiwọn.

Sàká irè oko ńkọ́? Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Sūratul-An'ām pé kí a yọ ẹ̀tọ́ irè oko ní ọjọ́ tí a bá kórè rẹ̀. Bí àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bá tó òṣùwọ̀n tí a mọ̀, èyí tí ó tó nǹkan bí 650 kílógírámù, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni Sàká rẹ̀ bí òjò bá fi omi rin ín, ìdá kan nínú ogún sì ni bí a bá fi wàhálà pọn omi sí i. Mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ ńlá wa ni ó ń yọ ọ́? Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá àgbàdo tí òjò fi omi rin, tọ́ọ̀nù kan ni ẹ̀tọ́ àwọn aláìní nínú rẹ̀. Ká ní a ti ń kó o jọ láti ọdún pípẹ́, ní ọdún 2020 a kì bá tí dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí ẹnikẹ́ni. Nínú ẹ̀yà mẹ́jọ tí Ọlọ́hun dárúkọ nínú Sūratut-Tawbah pé Sàká wà fún, àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà nínú wọn. Àwọn àgbẹ̀ tí owó kòrónà sọ di onígbèsè láìṣẹ̀, tí wọn kò sì ní ohun tí wọn yóò fi san án, ti wọ ẹ̀yà yìí. Ṣùgbọ́n owó tí à bá fi tú wọn sílẹ̀, a fi gbé inú ilé kọ́, a fi ṣe ìnáwó, a fi lọ Hajj ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Lọ́wọ́ ìjọba, yálà ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, bí ìpọ́njú bá dé, kí ohun tí ẹ bá pè ní ìrànlọ́wọ́ jẹ́ ìrànlọ́wọ́: ẹ fún àgbẹ̀ kékeré ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti owó ọkọ̀ láìgba èlé, bí ó bá sì di dandan kí ó jẹ́ ẹ̀yáwó, kí ó jẹ́ èyí tí a ó san ojú owó rẹ̀ nìkan. Èkejì, ẹ lẹ orúkọ àwọn tí ó gbà á àti iye tí wọ́n gbà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú àti ọjà, kí àwọn ará àdúgbò lè sọ ẹni tí í ṣe àgbẹ̀ àti ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ yọ èlé tí ó kù lórí gbèsè àgbẹ̀ kékeré tí ó ti ìgbà kòrónà wá, kí ẹ sì lọ́ra fún ẹni tí kò ní.

Lọ́wọ́ àwa fúnra wa, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ àti ipò tí olúkúlùkù wà, kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ Sàká irè oko kí ìkórè tí ó ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n pín sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí etí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó jẹ́ ti Mùsùlùmí yọ èlé kúrò nínú òfin rẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tí yóò ka òtítọ́ kún láti ẹnu wa bí ohun tí a ń bá ìjọba jà sí bá wà nínú àpótí tiwa.

Àgbẹ̀ ni ó ń bọ́ ìlú. Ẹni tí ó ń bọ́ ni kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí a ó kọ́kọ́ gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí a ó kọ́kọ́ so gbèsè mọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó ṣí gbogbo ilé ìkẹ́rùsí láìsí ẹni tí yóò já ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a ó sì bi olúkúlùkù léèrè ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ojú tì wá ní ọjọ́ náà. Kí Ó fi ìbùkún sí oko àwọn àgbẹ̀ wa, kí Ó tú àwọn onígbèsè sílẹ̀, kí Ó sì gbà wá lọ́wọ́ èlé àti àwọn tí ó ń jẹ ẹ́. Àmín.